Dídì kọ́ ni gbígbẹ o: ọ̀rọ̀ lórí súìtì gummy tó ń làágùn

Ìbéèrè tó ń wọlé sórí WhatsApp mi jù látìgbà tí mo ti ń ṣe súìtì fún pátì àwọn ọmọdé, ti gummy ni, súìtì rírọ̀ tó máa ń fà lẹ́nu yẹn. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ó dì o, ó rẹwà, ara ẹ̀ ń dán, mo kó o sínú ike mo sì dé e pa, ìgbà tí màá ṣí i láàárọ̀ omi ti bò ó, gbogbo ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn." Ẹlòmíì á ní ṣúgà tóun fi yí i lára ti yọ́ di omi, ẹlòmíì á kàn fi fọ́tò ránṣẹ́ láì sọ nǹkan kan, ó ti hu irun funfun. Èmi náà á wá béèrè pé ṣé ẹ jẹ́ kó gbẹ? Èsì wọn kì í yàtọ̀ síra. "Bẹ́ẹ̀ ni mà, mo gbé e sí fíríìjì."

Hẹn ẹn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Fíríìjì á mú kó dì ní wákàtí kan sí méjì, torí òtútù ni jẹ́látìn (ohun tó ń mú gummy dì) ń fẹ́ kó tó di ara ẹ̀ mú, ṣùgbọ́n omi tẹ́ ẹ dà sínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, jẹ́látìn kàn há a mọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá wá kó o sínú ike tẹ́ ẹ dé e, omi yẹn á máa yọ díẹ̀díẹ̀, kò ríbi gbà jáde, á padà wá jókòó sí ara súìtì. Gummy tá à ń rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù lórí sẹ́ẹ̀fù tí ohunkóhun ò ní ṣe é, omi inú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 20% lọ, ìyókù ṣúgà ni àti jẹ́látìn. Wọn ò sì ṣàdédé débẹ̀. Àwọn Haribo yẹn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílùú Bonn ní Jámánì lọ́dún 1920, tí súìtì oníbéárì wọn sì jáde lọ́dún 1922, inú sítáàṣì àgbàdo gbígbẹ ni irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń da gummy sí. Wọ́n á tẹ́ sítáàṣì sínú tíréè fẹ̀ẹ̀, wọ́n á tẹ ihò oníbéárì sínú ẹ̀, wọ́n á da súìtì gbígbóná síbẹ̀, sítáàṣì á máa fa omi lára ẹ̀ látìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa fà á látòkè. Ìyẹn náà ò tíì tó o, wọ́n á tún kó gbogbo tíréè yẹn wọ yàrá kan tí wọ́n ti ń darí ooru àti ọ̀rinrin, ó lè lo ọjọ́ kan, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá rò ó wò, ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ rẹpẹtẹ ń fún un lọ́jọ́ mẹ́ta, àwa fẹ́ ṣe é lálẹ́ Friday ká gbé e lọ pátì láàárọ̀ Saturday.

Kí n tó débi gbígbẹ, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí rẹ́sípì, torí àwọn gummy kan wà tí kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é tó máa gbẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú fídíò tí wọ́n ń pín kiri, júùsì kọ́ọ̀pù kan, oyin ṣíbí méjì, jẹ́látìn, ó parí. Ìyẹn kì í ṣe gummy, jẹ́lì ni, kò sì sóhun tó burú nínú jẹ́lì, ẹ jẹ ẹ́ látinú fíríìjì láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ mú un gbẹ, ẹ ṣírò ẹ̀: ká ní omi inú ẹ̀ jẹ́ 75%, a jẹ́ pé nínú 100 gíráàmù, 25 péré ni nǹkan gidi. Kí omi tó lè ku 20%, 100 yẹn gbọ́dọ̀ sún di nǹkan bíi 31. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ á lọ! Béárì á di eku, á hunjọ, ara ẹ̀ á le bí awọ.

Nítorí náà orí iná lẹ ti máa kọ́kọ́ lé èyí tó pọ̀ nínú omi yẹn lọ. Èyí témi ń ṣe rèé: ṣúgà 300 gíráàmù, glucose syrup (omi ṣúgà tó ki) 250, omi díẹ̀ tàbí sóbò tó ki dáadáa, màá sè é títí tẹmómítà á fi kan 115°C. Jẹ́látìn 60 gíráàmù ti wà nínú omi tútù 120 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ti wú. Màá sọ ìkòkò kalẹ̀, màá dúró kí híhó ẹ̀ rọlẹ̀ pátápátá, kí n tó da jẹ́látìn sí i, èyí tó kan (lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí citric acid) ló máa ń wọlé kẹ́yìn, torí ooru pẹ̀lú nǹkan kíkan máa ń já jẹ́látìn sí wẹ́wẹ́, á kàn máa rọ̀ játijàti ni. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù, ìbẹ́pẹ tútù àti jíńjà tútù náà, ẹ sè wọ́n kẹ́ ẹ tó lò wọ́n, nǹkan kan wà nínú wọn tó ń jẹ jẹ́látìn run, iná nìkan ló ń pa á. Ẹni tó bá fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù ṣe é, títí ọ̀la kò ní dì, ká má tíì wá sọ pé ó gbẹ.

Ó dáa, ẹ ti dà á sínú móòdù (ike oníhò tó ń fún un ní ìrísí), ó ti dì, ẹ ti yọ ọ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀gbà tó gbẹ? Gbogbo èèyàn ló ń sọ wákàtí: wákàtí 24, wákàtí 48. Èmi ò gbà gbọ́ nínú wákàtí o, torí wákàtí 24 n'Ibàdàn lóṣù January àti wákàtí 24 l'Ékòó lóṣù July, wọn ò bára tan rárá. Ìka náà máa ń tanni jẹ, ara ẹ̀ lẹ ń fọwọ́ kàn, ẹ ò fọwọ́ kan inú ẹ̀. Síkéèlì ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, síkéèlì kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà yẹn.

Ẹ wò ó bí mo ṣe ń ṣe é. Ohun gbígbẹ tó wọ inú ìkòkò lókè yẹn: ṣúgà 300, jẹ́látìn 60, glucose syrup 250 sì ní omi nínú tẹ́lẹ̀, bíi 20%, torí náà 200 ni màá kà fún un. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 560. Ìyẹn ò ní fò lọ síbì kankan. Tí mo bá fẹ́ kí omi jẹ́ 20%, 560 yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ 80% àpapọ̀, màá pín 560 sí 0.8, ó di 700. Ó tán! Bí mo bá ṣe yọ wọ́n nínú móòdù màá wọ̀n wọ́n, tí mo bá sè é dáadáa á wà ní nǹkan bíi 760 sí 780, màá kọ ọ́ sórí bébà, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tíréè, láàárọ̀ lálẹ́ màá máa wọ̀n ọ́n, ọjọ́ tó bá kan 700 ó ti gbẹ nìyẹn, bóyá ọjọ́ kan ni o, bóyá ọjọ́ mẹ́rin ni o. (Ẹ fi ṣíbí há inú ìkòkò dáadáa o, torí èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìkòkò, ẹ ti kà á mọ́ ìṣirò yín. Àwọn tọ́mọ ń dúró tì níbi ìdáná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò tán.) Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ láti 900, ẹ máà tíì bínú sí afẹ́fẹ́, orí iná ló ti yá jù, omi tó yẹ kí iná lé lọ lẹ fẹ́ kí fáànù wá bá yín lé.

Ẹ tún gé ọ̀kan sí méjì ní àárín. Èyí tí ò tíì gbẹ, ẹ máa rí i pé etí ẹ̀ dúdú díẹ̀ ó sì le, àárín ẹ̀ wá mọ́ kedere, ó rọ̀, ọ̀bẹ á lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó gbẹ, àwọ̀ kan náà ni láti etí dé àárín, ọ̀bẹ á kọjá, àpá ibi tẹ́ ẹ gé á máa dán, tẹ́ ẹ bá so ojú méjèèjì pọ̀ wọ́n ò ní yára lẹ̀ mọ́ra.

Wàyí o, afẹ́fẹ́. Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí, ibẹ̀ sì làwọn rẹ́sípì òyìnbó ò ti lè ràn wá lọ́wọ́, torí ilé tí wọ́n ti kọ ọ́ yàtọ̀ sílé tiwa. "Leave uncovered on the counter overnight" (ẹ má dé e, ẹ fi sórí tábìlì ìdáná mọ́jú), counter ti ta? Afẹ́fẹ́ náà lómi nínú, gummy náà lómi nínú, àwọn méjèèjì á máa du omi mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí wọ́n á fi dọ́gba. Gummy tó gbẹ dáadáa, òun àti afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin ẹ̀ tó 60% tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ló máa ń dọ́gba. Tí ọ̀rinrin inú yàrá bá wà ní 45%, omi á máa jáde kúrò lára gummy bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Tó bá wà ní 85%, gummy ni á máa mu omi! Ẹ lè tẹ́ ẹ síta fún ọ̀sẹ̀ kan lásìkò òjò l'Ékòó, ojoojúmọ́ lá máa wúwo sí i, síkéèlì á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Àwọn kan á wá gbé fáànù tì í. Fáànù ò ń gbẹ nǹkan kan fúnra ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń gbé kiri, tó bá jẹ́ pé omi ló kún inú ẹ̀, omi náà ló ń fẹ́ lu súìtì yín.

Ohun tó ń gba omi nínú afẹ́fẹ́ ni AC. Ẹ jáde sẹ́yìn ilé kẹ́ ẹ wo páìpù tó ń kán tótó sílẹ̀ yẹn, inú yàrá yín lomi yẹn ti wá. Torí náà tó bá jẹ́ ìgbà òjò, yàrá tó ní AC ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan fáànù díẹ̀ kó má jẹ́ ojú kan nìkan lá máa fẹ́ sí. Ẹ ra hygrometer, kékeré bí aago orí tábìlì báyìí, kò wọ́n, á sọ ọ̀rinrin inú yàrá fún yín, bó bá wà láàárín 40 sí 55% ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ ìbéèrè tó kàn: tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Tí wọ́n bá mú un lọ, kíá ni kẹ́ ẹ kó wọn sínú ike gbígbẹ tó ní ìdérí, ẹ tẹ́ bébà sáàárín, ẹ dé e, tí iná bá dé ẹ tún tẹ́ ẹ padà. Ó ń tánni lókun, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí gbogbo omi tó ti lọ láti àná tún padà wọlé lóru lọ.

Ẹni tí kò ní AC, kó lo sítáàṣì báwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń lò ó, kọ́nfúláwà lásán ni. Ṣùgbọ́n kọ́nfúláwà inú páálí, omi tó wà nínú ẹ̀ fúnra ẹ̀ tó nǹkan bíi 12%, ó ti yó, kò lè mu púpọ̀ mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ̀ẹ̀ sínú ààrò tàbí agbada gbígbẹ, iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ máa rò ó títí á fi fúyẹ́ tí á máa fò bí eruku, ẹ jẹ́ kó tutù nínú nǹkan tẹ́ ẹ dé. Ẹ wá da díẹ̀ sínú ike tó fẹ̀, ẹ to gummy sí i kí wọ́n má fara kanra, ẹ da ìyókù bò wọ́n, ẹ dé e. Lọ́jọ́ kejì ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ara wọn. Sítáàṣì yẹn ò bàjẹ́ o, ẹ tún un yan, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀ de ìgbà míì.

Ọyẹ́ ńkọ́? Gbogbo wa la rò pé ìgbà ọyẹ́ ló rọrùn jù, torí ètè ń bẹ́, ẹsẹ̀ ń bẹ́, aṣọ ń gbẹ kíá. Rárá o, ọyẹ́ ní wàhálà tiẹ̀. Ẹni tó bá ti sá gbodo fún èlùbọ́ rí á mọ̀ ọ́n: tí ara ẹ̀ bá yára gbẹ tí inú ẹ̀ ò sì tíì gbẹ, tẹ́ ẹ kó o sápò, inú ló ti máa bu. Gummy náà rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á fa omi ara ẹ̀ lójijì, èèpo líle kan á dì bò ó, omi inú ò wá ríbi gbà jáde mọ́, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ó le, inú yín á dùn, ẹ kó o sínú ike, láàárín ọjọ́ mélòó kan omi inú yẹn á yọ wá sí ara, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Lásìkò yẹn mo máa ń fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kì í ṣe tìtorí eruku nìkan (bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku ọyẹ́, ẹ fojú sí i!), kó lè máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ ni, mi ò sì ní tan fáànù sí i rárá.

Ìbéèrè míì ni pé kí ló dé tá ò sá a sóòrùn. Ẹ jọ̀ọ́. Jẹ́látìn ò lè dúró lójú ooru, tó bá ti súnmọ́ 35°C ó ti ń yọ́ nìyẹn, oòrùn ọ̀sán wa sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lórí páànù. Ààrò náà, bẹ́ ẹ tilẹ̀ fi sí èyí tó kéré jù, ó ti gbóná jù. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ooru lé omi lọ mọ́ tó bá ti kúrò lórí iná, afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti sùúrù ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ súìtì tó lè fara da ooru kó lọ lo pectin (ti ara èso) tàbí agar-agar (ti ara ewéko òkun), agar ò ní yọ́ àfi tó bá súnmọ́ 85°C, ṣùgbọ́n jíjẹ ẹ̀ yàtọ̀, kì í fà, ṣe ló máa ń já pẹ́kẹ́. Àwọn oníbàárà mi tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí máa ń béèrè jẹ́látìn wo ni, ìbéèrè gidi sì ni, torí awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ti ń ṣe é, ti ẹlẹ́dẹ̀ wà, ti màlúù wà, ti ẹja náà wà. Ti màlúù oní-halal lèmi ń rà. Ohun kan náà tó ń mú omi pọ̀ǹmọ́ dì tó bá tutù náà ni.

Tẹ́ ẹ bá ti yọ gummy nínú móòdù, ẹ má fi sínú àwo pẹlẹbẹ, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́. Asẹ́ tuntun tí wọ́n fi ń jọ gàrí ló dáa jù lójú tèmi, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanranjangbọn, ẹ pa òróró àgbọn sí i fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ to gummy sí i, ẹ gbé e lé nǹkan kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, ẹ máa yí wọn padà láàárọ̀ lálẹ́. Èèrà o! Ẹ gbé ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú abọ́ omi báwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù ọbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo òkè ẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà tó bá gbẹ tán la ń fi ṣúgà yí i lára. Ẹ má yí i kó tó gbẹ, ṣúgà á fa omi inú ẹ̀ síta, á yọ́, ẹ tún wọ́n òmíì lé e, ìyẹn náà á yọ́. Tó bá gbẹ débi tí ṣúgà ò fi lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé asẹ́ sókè omi gbígbóná kí ooru ẹ̀ kàn án díẹ̀, ẹ wá yí i kíákíá. Ṣúgà lásán ṣì lè fara da ọ̀rinrin dé nǹkan bíi 85%, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti po citric acid mọ́ ọn kó lè kan, kò ní lè fara dà á tóyẹn mọ́, torí náà lásìkò òjò mi ò kì í ta oníṣúgà kíkan, ọmọ tó bá fẹ́ kíkan kó dúró de December. Èyí tí mi ò bá fi ṣúgà yí lára, òróró àgbọn ni mo máa ń lò fún un, ṣíbí kékeré kan fún kílò kan, màá fọwọ́ yí wọn nínú abọ́ títí ara wọn á fi máa dán. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń lo ìda tí wọ́n ń pè ní carnauba, ara ewé ọ̀pẹ kan ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil ni wọ́n ti ń há a, àwọn míì sì ń fi ìda oyin kún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìgò tàbí ike tó dé pinpin, pẹ̀lú silica gel kékeré (àpò tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra), èyí tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ ìdérí kí ọmọ má baà rò pé súìtì ni. Láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ tá a fi ń di páàkì pátì, alẹ́ tí pátì ku ọ̀la ni kẹ́ ẹ dì í, torí ọ̀rinrin ń gba inú ẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Tó bá sì di dandan pé kẹ́ ẹ kó o sí fíríìjì, ike tó dé ni kó wà, nígbà tẹ́ ẹ bá gbé e jáde ẹ má ṣí i, ẹ jẹ́ kó jókòó títí ara ike á fi gbóná bíi ti yàrá, ẹ̀kán omi tó máa bo ara ike yẹn, orí súìtì ni ì bá bọ́ sí tẹ́ ẹ bá ti ṣí i. Ẹ sì sọ fún oníbàárà náà o, ẹ kọ ọ́ sára páàkì, torí tó bá làágùn nílé wọn ẹ̀yin náà ni wọ́n máa pè.